Ọ̀wẹ̀ Tí Ìyá Ìyàwó Mi Bá Mi Ṣe

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá sọ irú rẹ̀ fún èmi gan-an, màá kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, màá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, màá wá bi í pé ẹmu ibo ló mu. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó tètè pè mí báyìí, ká lè ráyè sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: ìyá ìyàwó mi, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹni tó jẹ́ pé èmi ló yẹ kí n kó ọ̀rẹ́ àti ọkọ́ lọ bá ro oko, òun ló wá ṣiṣẹ́ fún mi nínú ilé tèmi, ní ìlú Ọ̀wọ̀, lọ́sàn-án gangan, níṣojú gbogbo àdúgbò.

Tíṣà ni mí. Ìdóàni ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì, Ọ̀wọ̀ ni mo ń gbé. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọkọ̀ lọ tí mò ń wọkọ̀ bọ̀. Iṣẹ́ kan wà ní ilé-ìwé wa tí tíṣà kankan kì í fẹ́ ṣe, èmi nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣe táìmù-tébù. Èmi ni mo máa ń sọ pé kíláàsì báyìí yóò ṣe ìṣirò ní aago mẹ́jọ, kíláàsì tọ̀hún yóò ka Yorùbá, tíṣà méjì kò sì ní pàdé lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kan kí wọ́n máa wo ara wọn bí ìyàálé àti ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò rí àṣìṣe mú níbẹ̀ rí. Ó wá wọ̀ mí lórí débi pé mo gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn ò lè ṣe láyé yìí, bó bá ṣáà ti lè fa ìlà, kó sì kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní aláìsàn kì í ka táìmù-tébù.

Nígbà ìsinmi Kérésì, a kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Àfò. Láti ìgbà tí bàbá ìyàwó mi ti ṣaláìsí ni Ìyá ti ń dá gbé inú ilé ńlá yẹn. A débẹ̀ lọ́sàn-án, a bá a lórí ìjókòó, kò sì dìde. Ìyá tó jẹ́ pé ojú títì ló ti máa ń pàdé wa kí ọkọ̀ tó dúró! Ìyàwó mi wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀, ó ká etí ìró ìyá rẹ̀ sókè. Ọrùn ẹsẹ̀ ti wú bí ewùrà. Ìyá ti ṣubú lẹ́yìn ilé ìdáná ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kò pe ẹnikẹ́ni, ó já ewé, ó fi dì í, ó ń lọ ó ń bọ̀.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi pè mí?"

"Kí n pè ọ́ kí o wá ṣe kí ni? Ṣé wàá bá mi ṣubú díẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Ìyàwó mi ti tọ́jú oríṣiríṣi ọgbẹ́ láìṣẹ́jú. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i tó sunkún nítorí ẹsẹ̀ wíwú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí: Ìyá gbọ́dọ̀ wá máa gbé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi bẹ̀ ẹ́. Ó ti wá gbé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì rí, ó sì ti padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, yàrá àwọn ọmọ ló sùn sí. Ó ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ lójú oorun bí ẹni tó ń jà ní kóòtù. Nígbà kejì, pálọ̀ ló sùn sí, àlejò kan wọlé ní òwúrọ̀ kùtù, ó bá a lórí ìdùbúlẹ̀, ó rò pé ara rẹ̀ kò yá ni, ó sì kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́, ara á yá. Ìyá kò dárí ìkíni yẹn jì wá títí di òní. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá dáhùn.

"Mo gbọ́. N ó wá. Ṣùgbọ́n yàrá tó jẹ́ tèmi ni n ó sùn sí, yàrá tó nílẹ̀ tó nílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mo bá dé tí kò bá sí yàrá, ọkọ̀ tó gbé mi wá ni yóò gbé mi padà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ létí mi mọ́ títí n ó fi kú."

Ìyàwó mi wò mí. Àwọn ọmọ wò mí. Èmi náà fẹ́ wo ẹnìkan, ṣùgbọ́n kò ku ẹni tí n ó wò.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kọ́lé lóde òní. A kì í kọ́ ọ tán kí á tó kó wọ̀ ọ́. A ó kó wọ inú èyí tó bá ti lórùlé, ká lè bọ́ lọ́wọ́ lańlọ́ọ̀dù, a ó wá máa fi ẹnu kọ́ ìyókù. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí mo ti ń fi ẹnu kọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ògiri rẹ̀ kò rí ọ̀dà rí. Ilẹ̀kùn nìkan ló ní; ilẹ̀ rẹ̀, òkúta àti erùpẹ̀. Inú rẹ̀ la kó gbogbo ohun tí a kò lè jù nù sí: fáànù tí kò fẹ́, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tí kò ní táyà, àti àpò ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti di bàbá ọmọ báyìí.

Ìyá ní òun ń bọ̀ ní Sọ́ńdè tó ṣáájú ìwọlé ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko wà nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan! Mo ra káádíbọ́ọ̀dù, mo fa ìlà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Gbogbo ayé mi ló wà níbẹ̀: táìmù-tébù ilé-ìwé tí ọ̀gá wa ń retí, kẹ̀kẹ́ àbíkẹ́yìn mi tí mo ti ṣèlérí pé n ó tún ṣe, yàrá Ìyá, àti díráàfù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní òpópónà wa la ti máa ń ta díráàfù. Ìdérí ìgò ni ọmọ rẹ̀, pákó tí wọ́n fi ọ̀dà ya ni ojú rẹ̀. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, òpópónà wa fẹ́ bá òpópónà kejì figagbága, èmi sì ni wọ́n mú ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ènìyàn bíi tèmi, tí ọ̀gá ilé-ìwé ń pàṣẹ fún, tí ìyàwó ń pàṣẹ fún, tí awakọ̀ Ìdóàni ń pàṣẹ fún, níbẹ̀ nìkan ni mo ti ń pàṣẹ fún ẹlòmíràn, àní kó jẹ́ ìdérí ìgò.

Ọmọbìnrin mi àgbà dúró níwájú káádíbọ́ọ̀dù, ó kà á láti òkè délẹ̀.

"Dádì, ọjọ́ wo lẹ máa jẹun?"

Mo wò ó. Lóòótọ́, mo ti gbàgbé oúnjẹ.

Ìyàwó mi náà kà á. "Yàrá Màámi, wákàtí kan lójúmọ́. Díráàfù, wákàtí méjì. Kí lẹ ń pè ní ìyẹn?"

"Ìmúrasílẹ̀ ni."

"Fún ogun wo?"

Ó ṣì ń pè mí ní "ẹ" nígbà yẹn. Bí ìyàwó mi bá ń pè mí ní "ẹ", àlàáfíà ń bẹ. Ọjọ́ tó bá di "o", kí n yáa wá ibi kan lọ.

Ní Mọ́ńdè, mo wọ yàrá náà láti kó ẹrù jáde. Ìwé ìdánwò ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Mo ní kí n wo ẹyọ kan péré. Wọ́n bi ọmọ kan léèrè ìdí tí ọ̀dá fi máa ń dá, ó dáhùn pé: "Nítorí pé òjò kò rọ̀. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ wà lọ́run." Òdo ni mo fún un nígbà yẹn. Mo jókòó lórí àpò, mo ronú sí i, mo rí i pé máàkì méjì tọ́ sí ọmọ náà. Mo ka òmíràn. Nígbà tí ọmọbìnrin mi wá pè mí, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ní Túsídè, mo tú kẹ̀kẹ́ àbíkẹ́yìn palẹ̀, ó ku kí n tò ó padà. Ní Wẹ́sídè, ọ̀gá ilé-ìwé pè mí lórí fóònù pé wọ́n gbé tíṣà ìṣirò lọ sí ibòmíràn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé táìmù-tébù mi ti wó lulẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yìí, díráàfù nìkan ni kò yẹ̀ ní aago tí mo kọ sí i.

Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Tọ́sídè, ohun kan ṣoṣo tó ti yí padà nínú yàrá Ìyá ni pé ìdajì ẹrù rẹ̀ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sílé ìwẹ̀. Ìyàwó mi gba ibẹ̀ kọjá, ó dúró.

"Ṣé o rántí Sọ́ńdè?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́? "O."

Ni ọgbọ́n bá sọ sí mi. Ọ̀wẹ̀! Bàbá mi kò fi lébìrà kọ́lé, ọ̀wẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Ènìyàn á pe ọ̀rẹ́, á pe ará àdúgbò, wọn á fi oòrùn kan ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó pè wọ́n á sì fún wọn ní oúnjẹ. Ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ kì í lé ẹni tó bá wá, kì í bú iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe. Mo lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo pe ọ̀wẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà: télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìntì, tí a ń pè ní Alága nítorí òun ló ń dá ẹjọ́ níbi díráàfù, tíṣà méjì tí a jọ ń lọ sí Ìdóàni, àti Bíríkìlà, tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n, láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́lé láàárín ìlú. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ bí a ṣe ń tẹ́ ilẹ̀.

Mo tún fa ìlà. Fúráìdè. Aago mẹ́jọ, kíkó ẹrù jáde: àwọn tíṣà. Aago mẹ́sàn-án, kíkun ògiri: Télọ̀. Aago mọ́kànlá, yanrìn: Alága. Aago kan, títẹ́ ilẹ̀: Bíríkìlà. Kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó lásán kí tirẹ̀ tó kàn, mo gbé pákó díráàfù síwájú ilé.

Bí ẹ bá ti rí ohun tó burú nínú ètò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Èmi kò rí i.

Ní Fúráìdè, ìyàwó mi se ìkòkò ìrẹsì ńlá kan kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kí o tó dé ní aago méjì, ilẹ̀ á ti máa dán."

Aago mẹ́jọ tí mo kọ, aago mẹ́wàá ni wọ́n dé. Alága ṣí ìkòkò wò. "Ìrẹsì? Tíṣà, ta ló ń ṣe ọ̀wẹ̀ nítorí ìrẹsì ní Ọ̀wọ̀ yìí? Iyán ńkọ́?" Ó ṣáà jókòó, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì kàn. Iṣẹ́ Télọ̀ náà kò tíì kàn. Ti Bíríkìlà kò tíì kàn rárá. Wọ́n to ìdérí ìgò. Àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo pé "Ó ti jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan!", wọ́n gbé àpò ìwé kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà, wọ́n wá wò ó. Iṣẹ́ Télọ̀ kàn. Ó kun ògiri kan, ó rántí pé ẹnìkan ti gba ipò òun, ó jáde wá jà. Èmi ń sáré kiri pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́, mò ń pariwo aago.

"Tíṣà," ni Alága wí, "fi ìwé yẹn sílẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ bá ọ ta á. Jókòó kí n wo ọwọ́ rẹ."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré o."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni lóòótọ́. Ó kàn pẹ́ ni. Alága ń jẹ mí lọ́mọ, ó ń fi mí ṣẹ̀sín: "Àwọn ọmọ Ìdóàni ń pè ọ́ ní ọ̀gá? Kí wọ́n wá wò ọ́ níbí! Gbé e síbẹ̀, kí n jẹ ẹ́ lójú rẹ!" Nígbà tí mo gbé ojú sókè, oòrùn ti wà lórí wa. A sá wọlé, a pawọ́ pọ̀, a kó ẹrù tó kù jáde, a kun ògiri tó kù, òmíràn lẹ́ẹ̀kan, òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Níta, Alága àti àwọn tíṣà da yanrìn jọ, wọ́n da àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lé e, wọ́n da omi sí i, wọ́n ń pò ó bí ẹni tó ń ro ọkà.

Mo rí Bíríkìlà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ó ń fọ ọwọ́. Ó fọ ẹnu. Ó fọ ẹsẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ẹ wo oníṣẹ́ tó mọ́ tónítóní.

"Bíríkìlà, aago rẹ ti kàn."

"Aago mi ti kàn lóòótọ́. Tíṣà, ọjọ́ wo lòní?"

"Fúráìdè."

"Aago mélòó ló fẹ́ lù?"

"Aago kan."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò tó sọnù. "Ìgbà wo lẹ dé ìlú yìí?"

Alága kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Télọ̀ tẹ̀lé e, àwọn tíṣà jókòó sílẹ̀. Jímọ̀! Ilé wa àti tirẹ̀ kọjú síra. Gbogbo Fúráìdè ni mò ń rí i pẹ̀lú jalàbíà funfun tó ń kọjá níwájú wíńdò mi. Èmi tí mi ò gbọdọ̀ gbé tíṣà kan sí kíláàsì méjì, mo gbé ọkùnrin kan sínú mọ́sálásí àti sínú yàrá Ìyá lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kò burú," ni Bíríkìlà wí, "ẹ má ṣáà tíì da omi sí sìmẹ́ńtì."

Gbogbo wa wo Alága.

"Àgbẹ̀ kì í dúró de òjò," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ ti pò ó? Ẹ̀yin ènìyàn yìí! Kí n tó padà dé, á ti di òkúta. Ẹ yáa máa tẹ́ ẹ lọ." Ó wọ jalàbíà rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

A gbìyànjú. Ẹ jẹ́rìí sí i pé a gbìyànjú. Télọ̀ fi téèpù wọn ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. A da sìmẹ́ńtì páànù mẹ́rin sí kọ̀rọ̀, a fi pákó fà á. Iwájú ga, ẹ̀yìn jìn. A tún fà á, àárín wá yọ gọngọ. Alága ní bó ṣe rí yẹn ló dára, pé omi á lè ríbi ṣàn. Mo ní omi wo ló ń ṣàn nínú yàrá ìyá arúgbó?

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ kan fun fèrè níta.

Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, èyí tó máa ń ti Ìjàgbà gba Àfò wá sọ́jà. Ẹni tó jókòó síwájú ṣílẹ̀kùn, ó na ọ̀pá jáde, ó na ẹsẹ̀ kan jáde, ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wò wá. Ìyá. Sọ́ńdè ṣì ku ọjọ́ méjì!

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì ní ọwọ́ méjèèjì. "Màámi, ẹ káàbọ̀. Sọ́ńdè la ń retí yín."

"Ọkọ̀ rèé tó ń bọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ṣé kí n ní kó kọjá lọ, kí n wá máa wá òmíràn ní Sọ́ńdè?" Ó wo àga tó wà níta. Ó wo àpò ìwé. Ó wo pákó díráàfù. Télọ̀ ṣì mú ìdérí ìgò kan dání, ó rọra fi pamọ́ sẹ́yìn. "Àna mi, yàrá ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

Ó tẹ ọ̀pá, ó rìn lọ wò ó. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè ilé wọn, èyí tí èmi kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí awakọ̀.

"Má sọ ẹrù mi kalẹ̀. Bí o bá já ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ tán lọ́jà, yà mú mi níbí, kí o gbé mi padà."

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo wa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìhàlẹ̀. Ìyá kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ yẹn bá gbé e lọ, ó ti lọ nìyẹn, a ò sì gbọdọ̀ pè é mọ́. Mo rí ẹsẹ̀ wíwú yẹn lójú mi, mo rí ojú ìyàwó mi lọ́jọ́ Kérésì, mo sì ronú pé bó bá tún ṣubú lẹ́yìn ilé ìdáná yẹn, ta ni yóò gbọ́? Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ni n ó fi bẹ̀bẹ̀? Ohun gbogbo tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ló tẹ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ yẹn.

Ìyá ń padà lọ jókòó lórí àga tó wà níta. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì sìmẹ́ńtì ló gbà. Ó dúró. Ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́.

"Ta ló po èyí?"

Gbogbo wa tún wo Alága.

"Àpò mélòó?"

"Mẹ́ta, Màámi."

"Ó ń gan lọ yìí, ẹ sì dúró ń wò mí? Àpò mẹ́ta! Ẹ fẹ́ kó gan síta kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ títí ayé?" Àwọn kan wà tí wọn ò lè rí oúnjẹ kó ṣòfò. Ti Ìyá ju ìyẹn lọ. Kò lè rí ohunkóhun kó ṣòfò, àní èèpo kókó. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ sán. "Ẹ gbé àpótí ìjókòó kékeré kan fún mi."

"Màámi, ẹsẹ̀ yín..."

"Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń rẹ́ ilẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ni?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé nígbà tí Ìyá wà lọ́mọge, àwọn obìnrin ló máa ń rẹ́ ilẹ̀ àti ògiri ilé ní ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, wọ́n kọ́ ọ mọ́ ti ẹrẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí níbi ògiri tó jìnnà jù, ó gba irin pẹlẹbẹ tí Bíríkìlà fi sílẹ̀, ó fa gbogbo ohun tí a ti ṣe tu bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun.

"Ẹ gbé e wá! Kì í ṣe ìyẹn, èyí tó rọ̀! Ìwọ onífìlà, kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ti fẹ̀yìntì, Màmá," ni Alága wí. "Ọ̀gá àgbẹ̀ ni mí ní iṣẹ́ ìjọba."

"Ọ̀gá àgbẹ̀ ló ń di ṣọ́bìrì mú báyìí? Abájọ tí iṣu fi wọ́n. Bu omi wá!"

Alága bu omi. Ọkùnrin tí wọ́n ń bu omi fún láti ogún ọdún sẹ́yìn, ó ń sáré pẹ̀lú garawa. Télọ̀ ń ru páànù. Èmi ń sún àpótí Ìyá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, òun ń fi ọwọ́ rẹ́ iwájú rẹ̀, láti ògiri bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti rẹ́ ibì kan tán, á bu sìmẹ́ńtì gbígbẹ, á fọ́n ọn lé e bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, á tún fi irin gbà á wùùù, ibẹ̀ á sì máa dán bí ẹ̀yìn àwo. Kò fi téèpù wọn nǹkan kan. Nígbà tí awakọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà dé tó ní òun ti ṣetán, Ìyá ní kó bọ́ bàtà, kó gba páànù lọ́wọ́ Télọ̀.

Ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì kó dé ẹnu ọ̀nà, la gbọ́ igbe.

"Yéè! Ìyá mi! Ìyá mi lo sọ di lébìrà?"

Ìyàwó mi ti dé láti ibi iṣẹ́. "Ìwọ! Ìwọ ọkùnrin yìí! Ta ló gbọ́ ọ rí? Àna rẹ? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?"

Mo fi ọwọ́ tó kún fún sìmẹ́ńtì tọ́ka sí Ìyá.

"Pa ẹnu rẹ dé," ni Ìyá wí fún ọmọ rẹ̀ láìwẹ̀yìn, "kí o sì gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀, kò tíì gbẹ."

Bíríkìlà náà ti mọ́sálásí dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ojú kan wo ilẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́. Ó dìde, ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú jalàbíà funfun rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kò wáṣẹ́?"

A jẹun. Ìyá gbé abọ́ tirẹ̀ lórí ìtan láàárín àwọn ọkùnrin, ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń bú ìrẹsì, Alága sì ń gbè é. Ìyàwó mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè jẹ. Ó ń wo awakọ̀. Nígbà tí Ìyá jẹun tán, ó nu ẹnu.

"Mo ti sọ pé n ó padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ mu omi láàárọ̀, kó má bàa sán. Ta ni n ó fi lé lọ́wọ́ nínú àwọn wọ̀nyí? N ó sùn di ọ̀la. Awakọ̀, máa bọ̀ ní ìdájí."

Ọ̀la nìkan. A fi bẹ́ẹ̀dì wa fún un. Ìyàwó mi sùn tì í, èmi sùn sí pálọ̀. Ìyàwó mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, yálà "ẹ" tàbí "o".

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀pá ló jí mi, ó ń kan ẹsẹ̀ àga.

"Àna mi, dìde. Ọkọ̀ ti dé."

Mo sá jáde. Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dúró nínú ọyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀: Alága ni, pẹ̀lú súwẹ́tà àti ọkọ́, Télọ̀ ni, ojú rẹ̀ wú fún oorun, àwọn tíṣà méjèèjì rún pọ̀ sí kọ̀rọ̀. Ìyá ti rán ọmọbìnrin mi kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Àáró ni. Mo bá ẹ ṣiṣẹ́ lánàá, ẹ máa lọ bá mi ṣe tèmi lónìí. Àkùrọ̀ mi tó wà létí odò, n kò kọ ebè kan níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú."

"Màámi, ọ̀wẹ̀ la pè lánàá. Kì í ṣe àáró. Oúnjẹ la fi ń san ọ̀wẹ̀."

"Àwọn wọ̀nyẹn lo pè sí ọ̀wẹ̀. Ṣé o pè mí?"

Mo wo Alága, Alága wo ọkọ́ rẹ̀.

"O ò pè mí. Èmi, àáró ni mo ṣe." Ó ní Bíríkìlà kò jẹ gbèsè kankan ní tirẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gbóná.

Ìyàwó mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi etí ìró bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ní lónìí ni díráàfù. Ìyá ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gba ọkọ́. Mo ṣílẹ̀kùn iwájú ọkọ̀, mo dúró tì í.

"Ẹ wọlé, Màámi."

"Èmi kẹ̀? Lọ síbo? Ta ni yóò bomi sí ilẹ̀ yàrá mi?"

Èjìká ìyàwó mi dúró. Ó wò mí, mo wò ó. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mí, kí Ìyá má bàa gbọ́ ohun tó sọ. Mo rọra ti ilẹ̀kùn iwájú, mo gun ẹ̀yìn, mo jókòó ti Alága.

"Ẹ rọra o," ni ìyàwó mi wí. Ẹ gbọ́, "ẹ" ló wí.

Kí oòrùn tó mú dáadáa, mo ti wà nínú àkùrọ̀ ní Àfò, mo ti kọ ebè mẹ́fà, ọwọ́ mi sì ti lé ròrò. Àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá gba ibẹ̀ kọjá. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó dúró, ó wo ebè mi fínnífínní.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sin síbẹ̀? Ológbò ni?"

Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó kọ ẹyọ kan kí n lè rí i, ó dá a padà fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Mo wo ilẹ̀ tó kù títí dé etí omi. Mo tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, mo tú ebè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà palẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan.